Òórùn Ìpara Lára Husnah

Ẹ̀bá fèrèsé ni Mùíbátù dúró sí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ká aṣọ lórí okùn. Irọ́ ni. Aṣọ mẹ́ta péré ló wà lórí okùn náà, ó sì ti tó ìdajì wákàtí tó ti ń ká a. Inú yàrá ló ń wò. Tíṣà Tèmilọlá, obìnrin ará Ìfọ́n, ló fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí níbẹ̀, tó ṣí bọ́tìnnì búláòsì rẹ̀, tó gbé ọmọ ọmọ Mùíbátù sáàárín ọmú rẹ̀ méjèèjì, ara kan ara, tó sì fi ọ̀já dì í mọ́ra. Orí ọmọ náà kò ju ọsàn lọ. Ó ń sùn fọnfọn. Tíṣà ń kọrin sí i létí, Mùíbátù sì tún dá aṣọ kan padà sórí okùn.

Owú ni o. Mi ò ní wá orúkọ mìíràn fún un. Obìnrin ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta, tó ti lọ́mọ, tó ti lọ́mọ ọmọ, ó dúró sínú oòrùn, ó ń jowú àyà obìnrin bíi tirẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ní àdúgbò wọn ní Ìlobùú, láti ọdún mẹ́tàlélógún, kò sí ọmọ tuntun tí kò gba ọwọ́ Mùíbátù kọjá. Òun kọ́ ló ń gbẹ̀bí. Ìwẹ̀ ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti bímọ tán, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á gbé ọmọ lé e, á fi omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn wá gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kiri: abíyá, ìtan, ẹ̀yìn etí. Á fi òrí pa á, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ̀rù má bàa máa bà á. Gbogbo ilé ló gbà pé ọmọ tí wọn kò bá wẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ kìíní, ara rẹ̀ á máa rùn títí dàgbà. Bí àgbàlagbà bá ń rùn nínú mọ́tò, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló wẹ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ. Kò sí ẹni tí Mùíbátù wẹ̀ tí wọ́n bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Awẹmọ ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin onírùngbọ̀n á rí i lójú títì, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, torí obìnrin yìí ti fọ ìdí rẹ̀ rí.

Ọdún tó kọjá ni àwọn obìnrin Ìlobùú àti ti Ìfọ́n, ìlú tó múlé tì wọ́n, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìlú méjèèjì ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó ti pẹ́. Àwọn obìnrin ní ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan náà làwọn ti ń gba abẹ́rẹ́, ikú ọmọ tuntun kan náà ló sì ń pa àwọn lẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á pàdé ní Ìlobùú, ọ̀sẹ̀ kejì ní Ìfọ́n, nínú kíláàsì tí Tíṣà Tèmilọlá ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Aboyún kọ̀ọ̀kan á yan obìnrin kan tí yóò bá a dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Mùíbátù náà ń lọ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, títí di ọjọ́ tí Tíṣà dìde, tó sọ pé nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má ṣe wẹ ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i mọ́, nítorí òtútù. Kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n gbé e sáyà ìyá rẹ̀. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Mùíbátù. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bímọ, ìyá àgbà ọmọ náà á dìde ní ìpàdé, á kígbe pé, "A ò wẹ̀ ẹ́ o!" Gbogbo ẹgbẹ́ á pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé bá bọ́ sí Ìlobùú, àtẹ́wọ́ yẹn máa ń dé inú ilé ìdáná Mùíbátù. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pe Ìyá Awẹmọ sí ọ̀kankan nínú wọn.

Ìgbà náà ni Hàfúsátù, ìyàwó Bùràímọ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Mùíbátù bí, bímọ láìpé oṣù. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀. Ọmọ náà, obìnrin, kéré débi pé nọ́ọ̀sì ní àyà ni kí ó máa wà tọ̀sán tòru, kí ẹnikẹ́ni má sì wẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tẹ̀wọ̀n dáadáa. Hàfúsátù kò lè jókòó pẹ́, òòyì ń kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tí ara rẹ̀ bá le nínú ẹbí lè bá a gbé e. Ó kọjú sí Mùíbátù.

"Èmi kẹ̀?" ni Mùíbátù wí. "Kí n ṣí ọmú sílẹ̀ lọ́jọ́ ogbó mi, kí n lẹ ọmọ mọ́yà bí alángbá tó lẹ̀ mọ́ ògiri? Ẹ lọ wá ẹlòmíràn."

Inú ló ń bí i tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó máa fi kábàámọ̀, wọ́n ti wá ẹlòmíràn lóòótọ́. Tíṣà Tèmilọlá gba òwúrọ̀, torí ilé ìwé wà ní ìsinmi. Àyànlọ́lá, télọ̀ tó wà níwájú ilé wọn, gba ọ̀sán. Hàfúsátù fúnra rẹ̀ gba ìyókù. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Husnah lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n gbé e wálé, kò sì sí ẹni tó tún bẹ Mùíbátù mọ́. Òun náà kò lè bẹ̀bẹ̀. Ẹnu tó fi kọ̀ ti wúwo jù ú lọ.

Ó wá ku kó máa wò. Ó rí i tí Hàfúsátù, tí kì í bá òun rẹ́rìn-ín kọjá "ẹ kú àárọ̀ mà," ń rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí Tíṣà sọ. "Àǹtí mi" ló ń pe Tíṣà. Ó rí i tí Bùràímọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Èyí tó burú jù ni ọjọ́ tí wọ́n ní kó bá wọn gba ọmọ náà mú díẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ibùsùn. Ó fi imú kan orí Husnah, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ọmọ. Òórùn ìpara Tíṣà ló gbà á nímú, ìpara olóòórùn òdòdó tí obìnrin náà máa ń fi para. Ó tún gbóòórùn ọrùn rẹ̀. Ìpara náà ni. Ọmọ ọmọ Ìyá Awẹmọ, wọn ò wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, òórùn obìnrin Ìfọ́n ló sì gbé wọ̀.

Ó di ọjọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹjọ. Òjò ti ṣú láti àárọ̀. Bùràímọ̀ gbé Hàfúsátù lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ku Tíṣà, ọmọ àti Mùíbátù nínú ilé. Fóònù Tíṣà dún. Aboyún kan ní Ìfọ́n, tó ti yàn án, ti ń rọbí, kò sì sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Tíṣà pe Àyànlọ́lá. Àyànlọ́lá ní Òṣogbo lòun wà, òun lọ ra òwú, ṣùgbọ́n òun á dé láàárín wákàtí kan. Tíṣà tú ọ̀já, ó gbé Husnah dání, ó wá kúnlẹ̀ síwájú Mùíbátù.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e sáyà títí Àyànlọ́lá á fi dé."

Mùíbátù wò ó látòkè délẹ̀. "Kí n bá ọ gbé e? Ọmọ tí Bùràímọ̀ mi bí, ìwọ ni mo fẹ́ bá gbé e?"

"Ẹ má bínú mà. Mi ò sọ ọ́ dáadáa."

"O sọ ọ́ dáadáa. Máa lọ, aboyún ń dúró dè ọ́."

Bí ọ̀kadà ṣe gbé Tíṣà kọjá orígun ilé, Mùíbátù ti gbé omi kaná. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àpótí rẹ̀ jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wá kànrìnkàn tuntun, ó gé ọṣẹ dúdú. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé Husnah lé e. Omi náà gbóná níwọ̀n, ó fi ìgúnwọ́ dán an wò. Ó fọ orí, ó fọ ẹ̀yìn etí, ó fọ ọrùn, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì níbi tí òórùn ìpara náà gbé pọ̀ jù. Inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹgbẹ́, inú rẹ̀ kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀. Orin tó máa ń kọ fún àwọn ọmọ padà sí i lẹ́nu láìjẹ́ pé ó pè é. Ó fi òrí pa ọmọ náà, ó gbé imú sí i lórí, òórùn ọṣẹ dúdú àti òrí ló gbọ́.

"Ẹ̀hẹ́n," ló wí fún un. "O ti di ọmọ ilé wa báyìí."

Ìgbà tó fẹ́ jù ú sókè ló ṣàkíyèsí pé kò tíì ké. Ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ máa ń ké. Kò sí èyí tí kì í ké. Ó wo ojú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ṣú. Ó di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó tutù bí omi àmù. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn tútù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mùíbátù fi ìró dì í, ó tún fi òmíràn dì í, ó fi ẹ̀kẹta. Ó ń fọwọ́ ra á. "Husnah! Husnah, dá mi lóhùn! Yéè, Ọlọ́run, ọmọ Bùràímọ̀ rèé!" Ọmọ náà kàn la ẹnu, kò sí ohùn.

Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn. Arábìnrin aboyún náà ti dé ṣáájú rẹ̀, ó sì ti gbé e lọ, ni Tíṣà bá ní kí ọlọ́kadà yí padà. Òjò ti pa á débi pé omi ń ro lára aṣọ rẹ̀. Ó rí àpótí. Ó rí ọpọ́n, ó rí kànrìnkàn, ó rí ọṣẹ. Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì ara rẹ̀, ó sì dúró. Ara òun náà ń gbọ̀n fún òtútù.

"Ara mi tutù, mi ò lè gbé e," ló wí. "Màámi, ẹ bọ́ búláòsì yín."

"Ṣé èmi—"

"Ẹ bọ́ ọ, mà! Ẹ bọ́ ọ kíákíá!"

Mùíbátù bọ́ ọ. Ó kánjú débi pé bọ́tìnnì méjì já dànù. Tíṣà tú ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára ọmọ, ó gbé e lé àyà ìyá àgbà rẹ̀, ó fi fìlà bò ó lórí, ó dì wọ́n pọ̀, ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì lé wọn. Mùíbátù gbọ́ òtútù ọmọ náà lára ara rẹ̀, bí ẹni gbé ẹja tútù sáyà. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, òjò ń rọ̀ lórí páànù. Nígbà tó ṣe, ohun kékeré kan yí lọ́tùn-ún, ó yí lósì, ẹnu kan ń wá ọmú kiri. Husnah ké.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ọmọ wà láyà Mùíbátù síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mùíbátù la ẹnu. Tíṣà ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Òjò ni, mà. Atẹ́gùn wọlé nígbà tí mo jáde, òtútù sì mú un. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá rẹ̀ àgbà tó gbé e sáyà."

Hàfúsátù wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn tó dùbúlẹ̀ sí, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àìlera rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Mùíbátù mú. "Màámi, ẹ ṣé. Ẹ ṣé, mà." Bùràímọ̀ náà dọ̀bálẹ̀. Mùíbátù wo Tíṣà lókè orí wọn. Tíṣà rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀, ó sì yíjú.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán di ti Mùíbátù. Husnah ń dàgbà láyà rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yọ, òórùn òrí ló wà lára rẹ̀. Gbogbo ohun tí Mùíbátù jowú lé lórí ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò balẹ̀ rárá. Gbogbo òwúrọ̀ tí Tíṣà bá wá, á kúnlẹ̀, á kí i, á bi í bóyá ó sùn dáadáa, kò sì ní mẹ́nu kan ọpọ́n. Ì bá ti bú òun! Ì bá ti fẹjọ́ sùn! Ẹni tó bá bú ni, a lè bú u padà. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún ẹni tó fi àṣírí ẹni pamọ́ tó tún ń kúnlẹ̀ kí ni? Owú tó ń jẹ Mùíbátù tẹ́lẹ̀ kéré sí èyí. Àyà Tíṣà nìkan ló ń jowú nígbà náà. Ní báyìí, ó ń jowú ìwà rẹ̀.

Nínú oṣù kẹwàá, Husnah tẹ̀wọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má kàn jẹ́ kó pẹ́ nínú omi. Ní Sátidé, ìpàdé bọ́ sí Ìfọ́n. Hàfúsátù bẹ Mùíbátù kó bá wọn lọ, ó sì lọ. Kíláàsì náà kún, àwọn obìnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Tíṣà dìde níwájú.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọ kẹẹ̀ẹ́dógún wa rèé," ló wí. "Ó kéré ju gbogbo wọn lọ. Òtútù mú un lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ àgbà ló gbé e sáyà tó fi gbóná. Ẹ ò tún rí i pé Ìyá Awẹmọ fúnra wọn ni! Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ò wẹ ìkankan. Màámi, ẹ dìde, ẹ sọ ọ́ fún wa."

Àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mùíbátù dìde. Òun náà nìyí, òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ohun tó fi odidi ọdún kan fẹ́ nìyí. Ó wo Tíṣà tó ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, tó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́, kí iye náà pé. Ó wá yé e pé bí òun bá sọ ọ́, obìnrin yìí ló fi iyì náà ta òun lọ́rẹ, òun á sì máa gba ọrẹ náà títí òun yóò fi kú. Ó sàn kí wọ́n sọ òun lókùúta.

"Mo wẹ̀ ẹ́," ló wí.

Àtẹ́wọ́ kú díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn béèrè pé kí ló wí.

"Mo ní mo wẹ̀ ẹ́! Òjò kọ́, atẹ́gùn kọ́. Ọwọ́ mi yìí ló fi omi wẹ̀ ẹ́ tí ètè rẹ̀ fi ṣú. Tíṣà ló purọ́ bò mí láṣìírí."

Tíṣà jókòó. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ bí ti ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ẹran. Mùíbátù rí i, ó sì dùn mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n adùn náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, torí obìnrin kan ti dìde lẹ́bàá ògiri. Mọ́ríátù ni, ará Ìfọ́n níbẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti kú ní oṣù karùn-ún, lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí i, gbogbo ẹgbẹ́ ló lọ kí i.

"Èmi náà wẹ tèmi," ni Mọ́ríátù wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti wẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi. Mo wá síbí, mo ní mi ò wẹ̀ ẹ́, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tó kú, ẹ ní àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni."

Kò sí ẹni tó lè wo ẹlòmíràn lójú. Obìnrin mẹ́ta mìíràn gbé ọwọ́ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà Tèmilọlá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Hàfúsátù kò tíì mira láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Husnah wà láyà rẹ̀, ó ń sùn. Ó dìde, ó rìn wá síbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ dúró sí.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ fi wẹ̀ ẹ́?"

Mùíbátù wá irọ́ kan, kò rí. "Òórùn Tíṣà ló wà lára rẹ̀," ló wí. "Mo ń jowú."

Hàfúsátù wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tú ọ̀já rẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé àyà Mùíbátù, ó sì dì í fún un níwájú gbogbo wọn. Ó ní kí ìyá ọkọ òun jókòó ti òun. Wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré náà. Hàfúsátù na ọwọ́ wọ abẹ́ ọ̀já, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ Husnah mú, ó ń wò ó bóyá kò tutù. Kò sì fi í sílẹ̀ títí ìpàdé fi tú.